Géèmù Méjì Tí Àwọn Ọmọ Wa Parí

Nínú ọlidé tó kọjá, ní Ọ̀fà níbí, a jókòó ti àwọn ọmọ wa títí wọ́n fi parí géèmù fídíò méjì tó ti pẹ́.

Super Mario Bros., tí Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1985, ní ayé 8, ìpele 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá rò pé òun ti rí ọmọ ọba tí òun ń wá, wọn á ní ilé olódi mìíràn ló wà. Ìgbà 7 ni! A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa ń sunkún tẹ́lẹ̀ kọ́ sùúrù níbẹ̀.

Mortal Kombat ti 1992 ló kọ wá lóminú. Kì í ṣe pé ọmọ Ọ̀fà ń sá fún ìjà o; ta ni kò fi ìjàkadì mọ̀ wá? Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn ẹni bá ti kan ilẹ̀, ìjàkadì parí nìyẹn. Nínú géèmù yìí, nígbà tí alátakò kò bá lè jà mọ́, tó ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọ̀mùtí, ohùn kan á ní kí a parí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Kano á sì fa ọkàn rẹ̀ yọ. Irú èyí ló mú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà jókòó lórí ọ̀rọ̀ géèmù ní 1993. Láti 1994 ni wọ́n ti ń kọ ọjọ́ orí tó yẹ sára páálí.

Àbíkẹ́yìn bi wá pé, ṣé dandan ni kí òun pa á? Rárá o, ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti bì í ṣubú, òun náà ló sì borí. Ṣùgbọ́n géèmù náà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. A ti gbé e pa mọ́.