Dáì Kì Í Yọ Dáì: Bí Irun Bá Bàjẹ́ Nílé, Ẹ Gbé E Lọ Sọ́dọ̀ Onídìrí

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi, láti Kánò dé Jọ́ọ̀sì, láti Àbújá dé Port Harcourt, bí Iléyá tàbí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fẹ́ tún orí ṣe ká tó wọkọ̀ lọ sílé. Àwọn ìyá á fi dáì bo ewú, àwọn bàbá á pa irùngbọ̀n láró, àwọn ọmọge á máa wá àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ wúrà. Nítorí owó, a máa ń ra páálí dáì lọ́jà ká ṣe é fúnra wa. Kò sí aburú níbẹ̀. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọ̀ tó jáde kì í ṣe èyí tó wà lára páálí, la bá sáré ra páálí kejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Dáì tó máa ń pẹ́ lórí kì í kàn lẹ̀ mọ́ irun lásán. Kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń wọ inú irun ní kékeré, á wá so pọ̀ di ńlá níbẹ̀, kò sì ní lè jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ kò fi lè fọ̀ ọ́ tán. Ìdí nìyẹn náà tí ẹ fi lè kun dáì pupa lé dúdú, síbẹ̀ tí dúdú á ṣì jókòó síbẹ̀. Dáì kì í yọ dáì. Bílíìṣì ló ń bó àwọ̀, òun náà ló sì ń ba irun jẹ́ jù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé:

Ìdí irun mọ́lẹ̀ ju ṣóńṣó lọ. Ooru awọ orí ló fà á, ó ń mú kí kẹ́míkà tètè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Irun di àwọ̀ ọsàn. Bí bílíìṣì bá ń bó irun dúdú wa, á kọ́kọ́ pupa, á di àwọ̀ ọsàn, kó tó di yẹ́lò. Ẹni tó tètè fọ̀ ọ́ ti dúró sójú ọ̀nà nìyẹn.

Irun dúdú bí èédú. Irun máa ń hù tó sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ló nílò dáì, àmọ́ à ń kun gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù.

Kí ni onídìrí tó mọṣẹ́ máa ṣe? Á wo irun àti awọ orí, á sì dán kẹ́míkà wò lára ìwọ̀nba irun díẹ̀ níbi tí kò hàn. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn, á lo tónà tó ní búlúù nínú. Bí ó bá jẹ́ yẹ́lò, èyí tó ní àwọ̀ àlùkò, torí àwọn àwọ̀ yìí máa ń pa ara wọn. Bí ó bá ti dúdú jù, ó lè lo oògùn tó ń tú dáì láìlo bílíìṣì, tàbí kó pín iṣẹ́ náà sí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ó bá ní "kò ṣeé ṣe lónìí o", ẹ má bínú sí i. Ẹni tó mọṣẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ mú páálí dáì dání. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ lo rílásà kẹ́yìn, torí bí rílásà àti bílíìṣì bá pàdé lórí irun kan náà, irun lè já dànù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè Ọya, bí ẹ bá ti fi làálì sórí rí, ẹ sọ ọ́. Àwọn làálì kan ní èròjà irin nínú, èyí tó lè gbóná tàbí kó já irun bí kẹ́míkà dáì bá kàn án. Ẹ rántí pé mai kitso àdúgbò lè mọ irun dì dáadáa kó má mọ̀ nípa kẹ́míkà. Bí èdè bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ fi fọ́tò han onídìrí lórí fóònù, kẹ́ ẹ sì bi àwọn ìyá ní ìpàdé wa léèrè ẹni tó tún tiwọn ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kọjá onídìrí. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní PPD wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú, ó sì máa ń wà nínú làálì dúdú náà. Ara lè gbà á fún ọdún mẹ́wàá, kó wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Bí ojú bá wú, tí awọ orí ń yọ ròrò, tàbí tí mímí di ìṣòro, ẹ fi omi púpọ̀ fọ orí, kẹ́ ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má tún fi dáì kan ara mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó kun dáì, kó fi díẹ̀ sẹ́yìn etí, kó dúró fún wákàtí 48. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ irun di àìsùn ọjọ́ ìrìn àjò. Ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí àyè wà fún àtúnṣe. Páálí kan kò wọ́n lóòótọ́, àmọ́ páálí mẹ́ta tí ẹ rà láti fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe lè ju owó onídìrí lọ.