Oríkèé Tó Gbóná: Ohun Tó Ń Jẹ Ẹṣin Lẹ́sẹ̀

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, aṣọ àti gàárì ni ojú ń bá lọ nígbà tí ìdílé àwọn balógun bá gun ẹṣin wọlé láti bu ọlá fún Awùjalẹ̀. Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin náà dípò. Ibi tó ti ń ká láàárín ẹsẹ̀, tó jọ orúnkún, ọrùn ọwọ́ ni: ibi kan náà tí àwa ń so aago mọ́. Ìka àárín kan ṣoṣo ni ẹṣin fi ń tẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pátákò ni èékánná ìka náà. Ẹran tó lè wọn 500 kìló ni, bí ìdá 60 nínú 100 ìwọ̀n yẹn ló sì wà lórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ká má tíì ka baba tó gbé agbádá mẹ́ta wọ̀ lórí rẹ̀.

Aromọléegun tí ń mú àwọn ìyá wa lórúnkún, tí wọ́n fi ń di ògiri mú kí wọ́n tó dìde, ń mú ẹṣin náà.

Bí a bá jẹ itan adìẹ dé ìpẹ̀kun, a ó kan nǹkan funfun kan tó ń dán, tó ń ró lẹ́nu bí a ṣe ń fọ́ ọ. Eegun rírọ̀ nìyẹn. Òun ló bo orí eegun níbi tí méjì ti pàdé, kí wọ́n má baà ha ara wọn. Omi ló kó bí ìdá 70 nínú 100 rẹ̀. Ẹ fi wé gààrí tí a rẹ sínú àpò tó há: gààrí fẹ́ wú, àpò kò gbà fún un, ìdí nìyẹn tí ó fi le, tí ó sì ń ti ọwọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ padà. Nínú eegun rírọ̀, aggrecan ni gààrí, okùn collagen ni àpò.

Ó wá ku ẹṣin tí ń sáré ìje. Bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́ lórí eré, ọrùn ọwọ́ yẹn á tẹ̀ kọjá ààlà, etí iwájú àwọn eegun kéékèèké inú rẹ̀ á máa gbá ara wọn, nígbà mìíràn á ṣẹ́rún. Àfọ́kù náà kéré. Ohun tó tẹ̀lé e ló ń ba oríkèé jẹ́. Awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú oríkèé á wú, á gbóná, á sì máa tú àwọn purotéènì tí ń jíṣẹ́ sínú omi ibẹ̀, pàápàá interleukin-1 àti TNF. Omi oríkèé tó máa ń ki, tó máa ń fà, á wá ṣàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbóná yìí ló ń jẹ eegun rírọ̀ láti ìta. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú eegun rírọ̀, àwọn gan-an tó kọ́ ọ, ló gbọ́ iṣẹ́ tí interleukin-1 jẹ́, tí wọ́n pa àtúnṣe tì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ẹ́ńsáìmù tí ń gé ilé tí wọ́n ń gbé. ADAMTS-4 àti ADAMTS-5 á kọ́kọ́ gé aggrecan. Bí ìgbóná bá rọlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì ní àtúnṣe: gààrí tó dànù, a lè rọ òmíràn. Bí kò bá rọlẹ̀, MMP-13 á kan collagen lára. Àpò ya nìyẹn, ara tó ti dàgbà kì í sì fẹ́rẹ̀ẹ́ hun irú okùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìrúnrún tó bọ́ sínú omi á tún bí awọ fẹ́lẹ́ nínú, interleukin-1 á tún jáde sí i.

Gbogbo èyí lè máa lọ kí ẹṣin má tíì tiro. Eegun rírọ̀ kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kò ní iṣan ìmọ̀lára. Awọ fẹ́lẹ́ àti eegun abẹ́ rẹ̀ ló ń bá a ké. Nítorí náà ni ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ sí òògùn tó kàn ń pa ìrora. Phenylbutazone, tí àwọn ẹlẹ́ṣin òyìnbó ń pè ní bute, ń dín ìrora àti wíwú kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dá ọwọ́ àwọn ẹ́ńsáìmù wọ̀nyẹn dúró. Ẹṣin tí kò tiro mọ́ á padà sáré lórí oríkèé tó ṣì ń jẹ lọ. Abẹ́rẹ́ steroid inú oríkèé náà kò dọ́gba: methylprednisolone léraléra lè ṣe eegun rírọ̀ léṣe, triamcinolone sàn jù ú lọ nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára ẹṣin.

Ní Colorado State University ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣẹ́ eegun díẹ̀ nínú ọrùn ọwọ́ ẹsẹ̀ iwájú kan, wọ́n á fi ti ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀, wọ́n á mú ẹṣin sáré lórí ẹ̀rọ, wọ́n á sì yẹ oríkèé wò ní ọjọ́ 70. Ní 2002, David Frisbie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn fi fáírọ́ọ̀sì gbé jíìnì purotéènì kan wọ oríkèé, purotéènì tí ń gba ibi tí interleukin-1 ì bá so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì. Ìtiro dín kù, eegun rírọ̀ sì sàn ju ti ẹṣin tí kò gbà á. Èmi kò mọ ẹ̀rí mìíràn tó mú interleukin-1 dání tó báyìí. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni purotéènì náà ń lò nínú oríkèé, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni aromọléegun ẹṣin. Àwọn onímọ̀ ti ń lo fáírọ́ọ̀sì mìíràn, AAV, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.