Bí Ọ̀dàn Ṣe Wọ Orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn

Ilé-Ifẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń jẹ́ Ifẹ̀, nítorí pé Ifẹ̀-Tẹ̀dó wà ní gúúsù rẹ̀, àwọn ọmọ Ifẹ̀ wà ní agbègbè Atakpamé ní orílẹ̀-èdè Tógò, Ifẹ̀-Ọ̀dàn sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Níbi tí orúkọ kan bá ti pọ̀ tó báyìí, àfi kí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un kí ìyàtọ̀ tó lè hàn.

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ gbalasa tí koríko gíga bò, tí igi kò pọ̀ sí, tí àwọn tí ó sì wà níbẹ̀, bí igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, jẹ́ irú èyí tí iná ẹ̀ẹ̀rùn kì í tètè pa. Ilẹ̀ igbó ni Ilé-Ifẹ̀ wà, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń lọ sí ìhà Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́, igbó a máa dín kù, koríko a sì máa gbilẹ̀, pàápàá níbi tí iná ọdọọdún kò ti jẹ́ kí igbó tí a ṣán fún oko tún hù. Nínú orúkọ yìí, Ifẹ̀ tọ́ka sí orísun, ọ̀dàn sì sọ irú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí igbó ti sọ ọ́ nínú Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ní ti gírámà, ẹ̀yán ni ọ̀dàn níhìn-ín, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ láti ṣàlàyé rẹ̀. Nítorí pé fáwẹ̀lì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí ó wọ àárín àwọn méjèèjì, kò dà bí ‘ilé Délé’, tí à ń pè ní ‘ilé e Délé’ nítorí kọ́ńsónáǹtì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ onílé. Bí a bá fi ‘oní’ ṣáájú ọ̀dàn, n yóò di l, fáwẹ̀lì yóò sì bá ti ọ̀dàn mu, yóò di ‘ọlọ́dàn’.  

Ìpàdé tí àwọn oníjọ ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá tí Samuel Àjàyí Crowther ti ṣe nínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ti 1843. Síbẹ̀, bí a bá kọ ‘Odan’ lásán, láìlo àmì àkọtọ́ náà, sí pátákó ojú ọ̀nà, àlejò lè kà á sí òdán, igi ìbòòji tí a ń gbìn sí ojú ọjà àti ààfin, ìtumọ̀ orúkọ ìlú yóò sì yí padà pátápátá. Nítorí náà, ó tọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ máa kọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.