Àwọn àgbà òṣèré ló gbé eré nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà yìí ró

Ẹni tó bá ti wo eré ilé ìwòsàn òkè òkun kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wo gbogbo wọn tán. Aláìsàn á wọlé, nọ́ọ̀sì á fajú ro, ìfẹ́ á bẹ̀rẹ̀, ẹbí á yarí, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á yanjú. Bob Hearts Abishola, eré ẹ̀fẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà ṣe láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 di oṣù Karùn-ún ọdún 2024, kò yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Àìsàn ọkàn gbé Bob, òyìnbó oníṣòwò ìbọ̀sẹ̀, dé ilé ìwòsàn ní ìlú Detroit. Abishola, nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá, ló tọ́jú rẹ̀. Ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Àwọn àgbà inú rẹ̀ ló dá wa dúró. Shola Adewusi ló ṣe Àǹtí Olú, tí Abishola ń gbé nílé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo Bob látòkè délẹ̀, gbogbo wa la mọ ìyá tó ni ojú yẹn. Barry Shabaka Henley ni Túndé, ọkọ rẹ̀. New Orleans ni wọ́n bí Henley sí, síbẹ̀ ó ń jókòó bíi bàbá àdúgbò wa. Vernee Watson, tó ṣe ìyá Will Smith nínú The Fresh Prince of Bel-Air, ni Gloria, nọ́ọ̀sì àgbà. Christine Ebersole, ìyá Bob, ti gba àmì ẹ̀yẹ Tony méjì lórí ìtàgé.

Yorùbá ni àwọn ará ilé Abishola máa ń sọ láàárín ara wọn, tí wọ́n á kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn Amẹ́ríkà. Bayo Akinfemi, tó ṣe Goodwin, ló ń kọ́ wọn lédè náà. Kì í ṣe gbogbo ohùn ló délẹ̀ o! Ṣùgbọ́n fún àwa ará Àjàṣẹ́, tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ Faransé fún jù, tí a sì ń fi Yorùbá àti Gùn ná ọjà ní Ouando, nǹkan ńlá ni.

Ohun tó dùn wá ni ti ọdún 2023. Kí sáà karùn-ún, tó jẹ́ ìkẹyìn, tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ dín ìnáwó kù. Òṣèré 11 ni wọ́n yọ kúrò nínú àwọn tó ń gbowó gbogbo apá eré. Apá 5 nínú 13 ni wọ́n fọwọ́ sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Billy Gardell àti Folake Olowofoyeku, ìyẹn Bob àti Abishola, nìkan ni kò kàn. Àǹtí Olú, Túndé, Gloria, ìyá Bob, gbogbo wọn ló kàn. Oníṣòwò wo ló ń dín ọjà tí oníbàárà ń torí rẹ̀ wá kù?

Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó bẹ̀rẹ̀ láti sáà kìíní, nígbà tí ilé Àǹtí Olú ṣì kún.