Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Òdìkejì Mátíríìsì àti Àṣìṣe Kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà, ọ̀gá nínú ìṣirò, kò lè di gbogbo nọ́ńbà mú tán: nǹkan bí díjíìtì 16 ni ó ń pa mọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó bá lé, á gé e kúrò. Àṣìṣe tín-ń-tín yìí kì í dun ẹnikẹ́ni, àfi bí a bá ní kí ó wá òdìkejì mátíríìsì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òdìkejì rárá. Nígbà náà ni a óò rántí pé kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà. Ẹ wo mátíríìsì tí David Hilbert, ọmọ Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1894, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, ìdajì, ìdámẹ́ta, tí kò sì jọ ohun tí í ba ènìyàn lẹ́rù: èyí tí ó ní ìlà 10 àti òpó 10 lè sọ àṣìṣe di ìlọ́po tírílíọ̀nù 16, kí díjíìtì bíi 3 péré ṣẹ́kù tí a lè gbára lé. Bí mátíríìsì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, MATLAB, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, a máa kìlọ̀. Àwa ni a kì í kà á. Ẹ jọ̀wọ́, níbi tí A\b, àṣẹ MATLAB tí ó ń yanjú Ax = b láìwá òdìkejì A, bá ti tó, ẹ má kọ inv(A)*b, tí ó ń kọ́kọ́ wá òdìkejì náà, nítorí A\b yá jù ú lọ, àṣìṣe rẹ̀ a sì máa kéré. Bí mátíríìsì fúnra rẹ̀ bá sì burú bí ti Hilbert, ẹ tún ìbéèrè yín tò.