Ẹ Wá Ibi Ìfarapamọ́ fún Ọmọ Ẹja Àrọ̀ Yín

Láti ìgbà tí àwọn kan nínú wa ti ń fi owó tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá wa: "Akọ̀wé, wọ́n ti jí mi lẹ́ja kó!"

Ọ̀kan nínú wa ní Oníyanrìn níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá aládùúgbò rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ọmọ tí ń bá òun pọnmi ni olè. Nígbà tí a dé ìdí táǹkì, tí a gbọ́n omi rẹ̀, orí ọmọ ẹja mẹ́ta la bá nísàlẹ̀, kò sí ara. A sì rí ẹja mẹ́rin tí ó tóbi tó ìlọ́po méjì ẹgbẹ́ wọn, ikùn wọn yọ rọ̀bọ̀tọ̀. Àwọn gan-an ni olè. A bẹ ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ṣì wà nílẹ̀, ọkàn onídùúró kò sì balẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń jẹ ara wọn

Ebi, àpọ̀jù ẹja nínú omi díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, àti pàápàá kí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, ló ń fà á. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ìrù ni wọn yóò gbá mú, wọn yóò gbé e mì dé orí, wọn yóò sì ju orí nù. Bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, odindi ni wọ́n ń gbé mì. Irú wọn là ń pè ní ṣútà. Iṣẹ́ kìíní ni kí ẹ máa ṣa ṣútà sọ́tọ̀, ó kéré tán lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ sì máa fún wọn lóúnjẹ déédéé. Ibi ìfarapamọ́ ló tẹ̀lé e, nítorí àrọ̀ fẹ́ràn òkùnkùn.

Ohun tí ó dára

1. Páìpù rọ́bà tí a gé, tí ó fẹ̀ ju ẹja lọ. Kí ojú méjèèjì ṣí, kí èyí tí wọ́n ń lé lè rí ọ̀nà jáde.

2. Ìkòkò amọ̀ tàbí àpáàdì ńlá tí a ti fi òkúta ha etí rẹ̀ kí ó má mú.

3. Ojú oró. Òun ní í lékè omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó bo omi tán. Àrọ̀ ní láti máa yọjú mí sókè, ewéko púpọ̀ a sì máa fa afẹ́fẹ́ inú omi lóru.

4. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi ṣe ìbòòji sórí apá kan táǹkì.

Ohun tí kò dára

Ẹ má lo irin tó dípẹtà, igi tí a kùn lọ́dà, tàbí ike oògùn kòkòrò. Búlọ́ọ̀kù tuntun náà léwu, nítorí agbára sìmẹ́ńtì a máa ba omi jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́, kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù lọ́pọ̀ ìgbà.

Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, ohun mímú a tètè ya á lára. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí ń sin betta, ẹja kékeré ilẹ̀ Táílàńdì tí wọ́n ń fi sínú gíláàsì ní pálọ̀. Lẹbẹ rẹ̀ gùn, ó sì fẹ́lẹ́ bí aṣọ. Kí wọ́n tó fi nǹkan sínú omi rẹ̀, wọn a fa ìbọ̀sẹ̀ obìnrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá lára nǹkan náà. Bí ó bá kọ́ aṣọ, kò gbọdọ̀ wọ omi. Ẹ̀yin lè fi gèlè sílíkì tó ti gbó ṣe é.

Ní ìparí, ohun tó ṣeé gbé jáde ni kí ẹ lò, torí oúnjẹ tó ṣẹ́kù a máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa fọ̀ ọ́, ẹ máa ka ẹja, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Owó ẹgbẹ́ ló wà nínú omi yẹn. Kí a tó pe ọmọ ọlọ́mọ lólè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ táǹkì.