Iye Tí Wọ́n Pe Mọ́tò Kọ́ Ni Iye Tí Yóò Ná Wa

Nínú àwọn tó ń béèrè owó ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, àwọn tó fẹ́ fi ra mọ́tò kékeré kò kéré níye. Kò burú rárá. Mọ́tò tó lè gbé ẹrù díẹ̀ láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, tó sì lè gbé àwọn ọmọ dé ilé ìwé, ìrànlọ́wọ́ ni fún oníṣòwò. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò náà bá kú lóṣù kejì, gbèsè kò ní bá a kú. Ẹni tó yá owó yóò máa san án lórí ohun tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí kò bá sì lè san án, ọrùn àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni yóò já lé. Ìdí nìyí tí a fi ní ká la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání kò pọ̀. Mọ́tò tó ń dán jù kọ́ ló dára jù fún wa. Èyí tí páàtì rẹ̀ wà nítòsí, tí mẹkáníìkì àdúgbò sì mọ inú rẹ̀ bí ẹní mowó, òun ni ká wá.

LÁTI ORÍ ÌJÀPÁ DÉ ORÍ TÒKÚNBỌ̀

Àwọn àgbà inú wa rántí ọdún 1975, nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ọ̀nà Bàdágírì. Ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Fọ́ksí kékeré tí à ń pè ní Ìjàpá gbayì nígbà náà. Kí ló fà á? Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní radíétọ̀ tí yóò jò. Mẹkáníìkì abúlé pàápàá lè tú u kó sì tò ó padà.

Nígbà tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní 1986, tí náírà sì ń wálẹ̀, mọ́tò tuntun kúrò lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Àlòkù láti òkè òkun ló gba ipò rẹ̀, àwọn èèyàn wa sì sọ ọ́ ní Tòkúnbọ̀, bí ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ tó padà wálé. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba Kútọnu wọlé, títí ìjọba fi fòfin dè é ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017 pé mọ́tò kò gbọ́dọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ní 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, náírà tún já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà. Bẹ́ẹ̀ ni epo gbówó lórí, mọ́tò gbówó lórí, páàtì náà ò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣi mọ́tò rà lónìí, àṣìṣe rẹ̀ wọ́n ju tàná lọ.

ÈWO NI KÁ RÀ?

Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ládípọ̀. Ọjà náà kò jìnnà sí wa, lẹ́bàá ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá ló wà. Ẹ béèrè iye radíétọ̀, ṣọ́kì, iná iwájú, ọtanétọ̀ àti jíà mọ́tò tó wà lọ́kàn yín. Bí ìsọ̀ mẹ́ta bá ní in tí iye wọn sì súnmọ́ra, mọ́tò yẹn ní ilé lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká bá yín wá a," ẹ tètè ronú. Èyí ló mú kí Toyota Corolla pọ̀ nígboro Èkó, òun náà ló sì jẹ́ kí Nissan Micra gba iṣẹ́ takisí Ìbàdàn kan. Èèyàn kì í bẹ mẹkáníìkì kó tó mọ̀ wọ́n tún ṣe.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Nínú ẹ́ńjìnì, ohun kan wà tó ń jẹ́ kí àwọn fáàfù ṣí kí wọ́n sì dé lásìkò. Nínú mọ́tò mìíràn, bẹ́líìtì rọ́bà ni. Nínú òmíràn, ṣéènì irin ni. Bẹ́líìtì ń gbó, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já. Bó bá já lórí eré, ó lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ṣéènì ń pẹ́ púpọ̀ bí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì déédéé. Corolla 2003 sí 2008 tó ti Amẹ́ríkà wá, ṣéènì ló ń lò. Honda Civic 2001 sí 2005, bẹ́líìtì ni; èyí tó jẹ́ 1.8 láti 2006 sí 2011, ṣéènì ni. A ò sọ pé kí ẹ má ra oníbẹ́líìtì o. Ẹ kàn béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀, ẹ ka owó bẹ́líìtì tuntun mọ́ iye mọ́tò.

BÍ A ṢE Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n tò kalẹ̀ fún títà. Ẹ lọ láàárọ̀, nígbà tí òjò kò rọ̀. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kó tutù. Bó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, wọ́n lè ti ta á sílẹ̀ kí ẹ má baà gbọ́ bí ó ṣe ń tiraka láti jí.

Bí wọ́n bá ta á, ẹ wo ẹ̀yìn. Eéfín aláwọ̀ aró ń sọ pé ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì. Eéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì gbóná ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ inú rẹ̀. Eéfín dúdú, ó ń jẹ epo jù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á tó sì ti tutù, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá rí bí ògì, ẹ máa lọ sílé. Bó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ fi jíà síwájú, ẹ fi sẹ́yìn. Kò yẹ kó ronú kó tó mú, kò sì yẹ kó ta yín nípàá.

Ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò tí omi ti mu. Ìjì Katrina ní 2005, Sandy ní 2012 àti Harvey ní 2017 ri ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò sínú omi ní Amẹ́ríkà, àgbàrá Èkó náà kì í mojú ẹnikẹ́ni. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo ìpẹtà abẹ́ àga, ẹ sì gbóòórùn rẹ̀.

Nọ́ḿbà ṣáásì ní àmì 17. Lára mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 3 ni 2003, 8 ni 2008, A ni 2010. Táyà náà ní nọ́ḿbà mẹ́rin tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ rà á o, ẹ ò rà á o, kí ojú rẹ̀ má baà wà lára owó tí olùtà fẹ́ fún un.

ÌWÉ ÀTI OWÓ

Nọ́ḿbà ṣáásì tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú gbọ́dọ̀ bá ti ìwé mu, láìyẹ ẹyọ kan. Ẹ gba ìwé àwọn aṣọ́bodè àti rìsíìtì tó ní orúkọ. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò nílé, ẹ yí orúkọ padà sí tiyín kíákíá. Ìnṣọ́ránsì tó kéré jù, èyí tí òfin pọn dandan, ti di 15,000 náírà láti oṣù kìíní 2023.

Ní ti owó, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé mọ́tò lórí. Ká ní 5,000,000 náírà ló wà lọ́wọ́ yín, mọ́tò 4,000,000 ni kí ẹ wá. Èyí tó kù wà fún ìwé, ọ́ìlì, fílítà, bíréèkì, bátìrì àti táyà, nítorí kò sí tòkúnbọ̀ tí kì í béèrè nǹkan lóṣù àkọ́kọ́. Owó ọjà ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì rẹ̀ ju 5,000 kìlómítà lọ kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin onígbọ̀wọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí: Ṣé o ti dé Ládípọ̀? Mẹkáníìkì wo ló bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò? Èló lo ṣẹ́kù sílẹ̀? Bí kò bá rí èsì kankan fún un, ẹ ní kó lọ wá a wá ná.